Kíkó Jáde Kí Àdéhùn Ilé Tó Parí

Èyí ni kí ayálégbé kúrò nílé kí ọjọ́ tí òun àti onílé fọwọ́ sí tó pé. L'Ékòó, bí ìwé àdéhùn kò bá dárúkọ iye ọjọ́ ìkìlọ̀, òfin ilé yíyá ti ọdún 2011 ní kí ẹni tó ń sanwó lóṣooṣù fún onílé ní ìwé ìkìlọ̀ oṣù 1, kí ẹni tó ń san lọ́dọọdún fún un ní ti oṣù 6. Owó àsansílẹ̀ ló ń fa ìjà jù: ẹni tó san ti ọdún kan, tó wá kó lọ lóṣù karùn-ún, kì í sábà rí ti oṣù 7 yòókù gbà. Owó ejẹ́ǹtì àti ti lọ́yà tó san nígbà tó ń gbalé náà kì í sábà padà. Kí ayálégbé tó fa kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́, kó gba ìwé tó ní ọjọ́ nínú lọ́wọ́ rẹ̀, tó fi hàn pé ó ti kó jáde.