Ẹ̀ka Tí A Gé, Igi Náà Ni

Ẹni tí ó bá ti gbin ẹ̀gẹ́ rí nílé ti mọ ìdajì iṣẹ́ róòsì. A kì í wá èso ẹ̀gẹ́ kiri; igi rẹ̀ ni a ń gé, tí a ń rì mọ́ ebè, tí yóò sì hù. Àwọn Potogí ni wọ́n gbé ẹ̀gẹ́ wá sí Áfíríkà láti Gúúsù Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Lónìí, ta ni ó tún ń pe gàrí ní oúnjẹ àjèjì?

Róòsì náà rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Ní 1935, Francis Meilland, ará Faransé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí róòsì tuntun kan. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dí ọ̀nà, ó ti fi ẹ̀ka rẹ̀ ránṣẹ́ sí Jámánì, Ítálì àti Amẹ́ríkà. Àwọn olùṣọ̀gbìn níbẹ̀ yọ ojú ara ẹ̀ka náà, wọ́n sì so ó mọ́ ara róòsì mìíràn. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ: Faransé fún un ní orúkọ ìyá Meilland, Madame A. Meilland, Jámánì pè é ní Gloria Dei, Ítálì ní Gioia. Ní ọjọ́ 29 Oṣù Kẹrin, 1945, Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní Peace, èyí ni Àlàáfíà. Orúkọ mẹ́rin, igi kan ṣoṣo. Èso a máa da ìwà bàbá pọ̀ mọ́ ti ìyá; ẹ̀ka kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Igi àkọ́kọ́ gan-an ni ó ń dàgbà lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Southmere. Ní 1967 ni Greater London Council bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ Thamesmead sórí ilẹ̀ àbàtà. Láti 2014 tí Peabody ti gba àkóso rẹ̀, wọ́n ti wó àwọn ilé àtijọ́ bíi Coralline Walk láti kọ́ tuntun. Ẹni tí ó ń kó kúrò kò lè ká ilẹ̀ ọgbà rẹ̀ sínú àpótí, ṣùgbọ́n ó lè gé ẹ̀ka, kò sì ní ná an ní kọ́bọ̀.

Ní ìgbà tí ewé bá ń wọ́, ẹ gé ẹ̀ka ọdún náà tí ó nípọn bíi pẹ́ńsùlù, kí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30. Ẹ gé ìdí rẹ̀ lábẹ́ ojú kan, ẹ sì dá orí rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ lókè ojú mìíràn. Ẹ já ewé rẹ̀, kí ó ku ti òkè. Ẹ ri ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ má fà á wò! Ó di ọdún kejì kí ẹ tó lọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bá yín gé e, ní èdè Yorùbá.