Láti Fìtílà Epo Pupa Dé Kọ́ńdẹ́m: Bí Epo Ìdáná Ṣe Ń Yí Padà l'Ékòó



Ẹnìkan tó máa ń kó adìyẹ wá sí ọjà Sandgrouse ní Láfíàjí ló bi wá léèrè: ṣé òun lè fi kọ́ńdẹ́m, ìyẹn ọ́ìlì tí wọ́n fà kúrò nínú ẹ́ńjìnnì, mú ilé òròmọdìyẹ òun gbóná lásìkò ọyẹ́? Kẹrosíìnì ti gbówó lórí, èédú náà ò rọrùn mọ́. Jẹnẹrétọ̀ sì pọ̀ lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù l'Ékòó, kọ́ńdẹ́m kì í wọ́n níbẹ̀. A máa dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sẹ́yìn, torí inú ìtàn ni ìdáhùn náà wà.

Kí òyìnbó tó gba Èkó ní 1861, epo pupa àti àdín ni wọ́n fi ń tan fìtílà. Fìtílà yẹn ò le ṣe: àwo amọ̀, òwú, epo, ó parí. Epo pupa kì í tètè gbiná, ìdí nìyẹn tí àwo tó ṣí sílẹ̀ fi tó o. Epo kan náà ni àwọn oníṣòwò ń kó gba orí ọ̀sà wá sí Èkó, tí ọkọ̀ òkun ń gbé e lọ sí Ìlú Ọba. Wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là níbẹ̀, wọ́n sì fi ń pa ara ẹ̀rọ àti rélùwéè. Ẹ ò rí i pé epo ọ̀pẹ wa ti ṣe iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì rí!

Ní 1859, Edwin Drake gbẹ́ kànga epo ní Pennsylvania l'Amẹ́ríkà. Díẹ̀díẹ̀, epo inú ilẹ̀ gba ipò epo ọ̀pẹ lára ẹ̀rọ, kẹrosíìnì sì gba ipò rẹ̀ nínú fìtílà. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1880, owó epo pupa ti já wálẹ̀, ó sì dun àwọn oníṣòwò Èkó. Kẹrosíìnì wá wọ ilé wa. Ṣùgbọ́n kò wọ inú àwo amọ̀ yẹn o. Ó ń yára gbiná jù bẹ́ẹ̀ lọ, àtùpà tirẹ̀ ló bá wá, èyí tó ní ìdérí àti gíláàsì. Ẹni tó bá bù ú sínú àwo àtijọ́, ilé ló fẹ́ sun.

Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, mọ́tò dé, jẹnẹrétọ̀ dé. Gbogbo wọn ń mu ọ́ìlì, wọ́n sì ń tọ̀ ọ́ dúdú. Káfíńtà ń fi kọ́ńdẹ́m pa pákó kọnkéré, àwọn kan ń fi lé ikán. Àwọn míì ń dà á sórí koríko lẹ́bàá kànga tí wọ́n ń mu (ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé ṣe bẹ́ẹ̀). Àwọn tó ń yọ́ àlùmíníọ́mù láti fi rọ ìkòkò náà ń fi dáná.

Àwo tirẹ̀ gan-an ni kò bá a dé oko wa. Lọ́dún kan, ọ̀kan nínú wa bu kọ́ńdẹ́m sínú agolo, ó ki àkísà bọ̀ ọ́, ó gbé e sí àárín òròmọdìyẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èéfín ti sọ ògiri di dúdú, ìdajì àwọn ọmọ adìyẹ náà ti kú. Fìtílà epo pupa ló ṣe, ṣùgbọ́n epo ibẹ̀ kì í ṣe epo pupa.

Kẹrosíìnì lè gbiná ní bíi 40°C, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á kọjá 200°C kí oruku rẹ̀ tó gbiná. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi igi mú àwo irin inú àgbá gbóná dáadáa, kí ọ́ìlì wá máa kán sórí rẹ̀ lẹ́kán-lẹ́kán, kí afẹ́fẹ́ gba páìpù wọlé, kí èéfín sì gba páìpù gíga jáde. Ìta ilé adìyẹ ni àgbá náà máa wà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná nìkan ni kó wọlé. 32 sí 35°C ló tó òròmọdìyẹ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì náà silẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí omi inú rẹ̀ lè lọ sísàlẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹ má fi pẹtiróòlù là á láéláé. Bí iná bá ràn, iyẹ̀pẹ̀ ni o, kì í ṣe omi.

Àwọn mẹkáníìkì Amẹ́ríkà ń lo irú ẹ̀rọ yìí nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, òfin sì wà lórí rẹ̀: ọ́ìlì tí ìwọ fúnra rẹ fà tàbí èyí tí àwọn ará ilé fà nínú mọ́tò wọn ni kó o sun, èéfín gbọ́dọ̀ jáde síta. Irin wúwo ló fà á. Nígbà tí pẹtiróòlù ṣì ní òjé, òjé náà ń wọ inú ọ́ìlì. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà pàdé ní Dakar ní 2001 láti mú òjé kúrò, ó sì kúrò nínú pẹtiróòlù apá ìsàlẹ̀ Sàhárà ní 2006. Ṣùgbọ́n ara ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ṣì ń wọ ọ́ìlì títí dòní. Eérú rẹ̀ ò gbọdọ̀ dé orí ẹ̀fọ́ tàbí inú ìgbẹ́ adìyẹ tí ẹ ń tà.

Nípa iye owó, ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì yín. Èyí tó ń fi tọrẹ tẹ́lẹ̀, kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì ló ń tà á báyìí.