Gémù bọ́ọ̀lù: ìṣòro ìdọ́gba àti ìjótìítọ́

Ìdọ́gba àti ìjótìítọ́ ni ohun méjì tí àwọn tó ń ṣe gémù bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ń lépa, tí àwọn tó ń gbá a sì ń jà lé lórí. Ìdọ́gba ni pé kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá borí, kó má jẹ́ ẹgbẹ́ kan tàbí ọgbọ́n kan ni yóò máa na gbogbo èèyàn. Ìjótìítọ́ ni pé kí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹ̀rọ jọ ti orí pápá. Ó ṣòro kí méjèèjì tó pé síbì kan, nítorí bọ́ọ̀lù gidi fúnra rẹ̀ kò dọ́gba. Ní àdúgbò tí èrò pọ̀ sí bíi Boukoki ní Niamey, olú ìlú Niger, ẹ̀rọ kan lè wà fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kí wọ́n sì máa sanwó kí wọ́n tó di pádì mú. Níbẹ̀, ẹni tí gémù bá rẹ́ jẹ, owó rẹ̀ ti lọ.

Ìtàn

Ilé-iṣẹ́ EA gbé FIFA International Soccer jáde ní oṣù Kejìlá 1993, àléébù kan sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú rẹ̀. Bí aṣọ́lé bá di bọ́ọ̀lù mú, alátakò á lọ dúró gbagidi níwájú rẹ̀. Bí aṣọ́lé bá ti gbá a, bọ́ọ̀lù á ba ẹni náà lára, á ta padà, ó di góòlù. Konami ní tirẹ̀ ṣe Pro Evolution Soccer (PES), tó gbayì gan-an lórí PlayStation 2. Nínú PES 5 (2005), Inter Milan ní Adriano, tí ìbọn ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kì í ṣe ohun tí aṣọ́lé ń fẹ́ rí, àti Obafemi Martins, ọmọ Èkó, tó ń sáré kọjá àwọn tó wà lẹ́yìn bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀. Ní 2021, Konami yí orúkọ PES padà sí eFootball. Ní 2023, EA fi orúkọ FIFA sílẹ̀, gémù rẹ̀ sì di EA Sports FC.

Nọ́ńbà àti eré sísá

Gbogbo agbábọ́ọ̀lù inú gémù ló ní nọ́ńbà tí kò kọjá 99 fún eré sísá, agbára ìgbábọ́ọ̀lù, fífi orí gbá bọ́ọ̀lù àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Eré sísá ló máa ń kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́, nítorí ẹni tó bá ti sá kọjá kò nílò ọgbọ́n mìíràn. FIFA 23 gbìyànjú àtúnṣe: ó pín bí agbábọ́ọ̀lù ṣe ń gbéra sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n sì pe ọ̀kan ní Lengthy, ti àwọn tó ga, tó sì lágbára. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n Virgil van Dijk, tó jẹ́ adíẹ̀yìn, bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bá àwọn tó yá ju òun lọ, àwọn èèyàn sì ń fi adíẹ̀yìn gíga sí iwájú. Nígbà tí EA Sports FC 24 dé, wọ́n sọ ọ̀nà mẹ́ta náà di méje.

Àkókò tún jẹ́ ìṣòro. Ìṣẹ́jú 90 ni bọ́ọ̀lù gidi, ṣùgbọ́n nínú gémù, abala kan lè má ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ. Bí a bá fi bọ́ọ̀lù gidi ṣe òdiwọ̀n, ìyìnsílé méjì péré ni èèyàn á rí kí eré tó parí. Àwọn tó ń ṣe gémù wá ń mú kí eré yá sí i, kí góòlù sì rọrùn. Ìgbádùn ni wọ́n ń rà, ìjótìítọ́ ni wọ́n ń san.

Áfíríkà nínú gémù

Òfin ìní máa ń ba ìjótìítọ́ jẹ́. Torí pé Konami kò ní àṣẹ láti lo orúkọ wọn, Liverpool di Merseyside Red nínú PES, Chelsea sì di London FC. Ti Áfíríkà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mena, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Niger, dé Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2012, wọ́n sì padà lọ ní 2013, síbẹ̀ ẹni tó ra FIFA 23 kò lè bá wọn gbá. Ọmọ Niger tó bá fẹ́ wọ inú gémù sábà máa ń gba kíláàbù Yúróòpù kọjá, bíi Moussa Maâzou tó gbá fún Monaco àti Bordeaux. Láti dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tún gémù ṣe ń tún PES àtijọ́ ṣe fún PPSSPP, ètò tó ń jẹ́ kí gémù PSP ṣiṣẹ́ lórí fóònù, wọ́n ń fi orúkọ àti aṣọ tuntun sí i.

Iná, íntánẹ́ẹ̀tì àti ìfura

Niger kò ní etíkun, nítorí náà íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń gba ilẹ̀ aládùúgbò bíi Benin kọjá kó tó dé òkun. Bí ẹ̀rọ tó ń darí eré bá wà ní òkèèrè, bọ́tìnnì téèyàn tẹ̀ ní Niamey á pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́ ju ti alátakò tó wà nítòsí ẹ̀rọ náà. Iná náà ní tirẹ̀: lẹ́yìn ìfipágbàjọba tó wáyé ní Niger ní oṣù Keje 2023, Nàìjíríà gé iná tó ń fi ránṣẹ́ síbẹ̀. Bí iná bá lọ ní ìṣẹ́jú 85 nígbà tí ẹnì kan fi góòlù kan ṣáájú, gémù kò ní ìdájọ́ kankan láti ṣe.

Ọ̀pọ̀ tún gbàgbọ́ pé gémù ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ran ẹni tó ń fìdí rẹmi lọ́wọ́. Ní 2020, àwọn kan pe EA lẹ́jọ́ ní California lórí èyí. EA ní àwọn kò lo irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ nínú eré tí èèyàn méjì ń bá ara wọn gbá, àwọn olùpẹ̀jọ́ sì fa ẹjọ́ wọn padà ní 2021.

Àtúnṣe

Lónìí, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni àtúnṣe ń gbà wọlé, dátà tó ń jẹ kì í sì í ṣe kékeré. Ẹ̀rọ tí kò bá rí íntánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n ṣe tẹ dísíìkì rẹ̀ náà ló ń wà: àléébù tí Yúróòpù ti gbàgbé ṣì lè máa gbá góòlù wọlé níbẹ̀. Ìdí nìyí tí àdéhùn ẹnu fi ń ṣe iṣẹ́ tí EA àti Konami kò lè ṣe níbi tí wọ́n ti ń pín ẹ̀rọ lò: kí ẹni méjèèjì mú ẹgbẹ́ kan náà, kí wọ́n yọ agbábọ́ọ̀lù tó ń ba eré jẹ́ kúrò, kí wọ́n sì sọ, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí iná bá lọ.