Ayàwòrán Kọ́ ni Ali Uğur

Inú máa ń bí ènìyàn bí ó bá rí i tí wọ́n kọ "ẹ̀rọ ayàwòrán tó ń rìn" níbi tí tọmọdé tàgbà ti ń sọ pé kámẹ́rà. Àwọn tó ń hun irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rò pé àwọn ń gbé èdè ga, bẹ́ẹ̀ ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni wọ́n fò dá. Kámẹ́rà, fíìmù, lẹ́ńsì: ahọ́n wa ti gbà wọ́n, kí wọ́n máa bá tiwọn lọ. Ìtanná àti ìtòpọ̀ fíìmù náà kò ní wàhálà. Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká jókòó tì ni orúkọ ẹni tó ń pinnu bí ohun gbogbo yóò ṣe hàn nínú fíìmù, iṣẹ́ Ali Uğur ni mo sì fẹ́ fi wọn orúkọ náà wò.

Ilẹ̀ Túrkì ni Ali Uğur ti ṣiṣẹ́, lásìkò Yeşilçam, sinimá tó gba orúkọ lára òpópónà kan ní Beyoğlu, ní ìlú Istanbul. Wọn kì í sábà gba ohùn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ya fíìmù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń fi ohùn sí i, nítorí náà ẹrù ojú pọ̀. Ali Uğur ló ya Susuz Yaz fún olùdarí Metin Erksan, fíìmù tó gba Golden Bear ní Berlin lọ́dún 1964. Òun náà ló ya Hudutların Kanunu (1966) àti Vesikalı Yarim (1968) fún Lütfi Akad. Ẹ wo ìparí Susuz Yaz: Osman, tó sé omi mọ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀, kú sínú omi ọ̀hún, omi sì gbé òkú rẹ̀ gba ipa omi lọ sí oko wọn. Dúdú òun funfun ni fíìmù náà. Kò sí àwọ̀ tí yóò ya omi sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀ gbígbẹ, àfi ìmọ́lẹ̀ àti òjìji.

Ṣé ayàwòrán ni ká wá pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Mo lòdì sí i. Ẹni tó ń fi gègé yàwòrán ni ayàwòrán, ẹni tó ń ya fọ́tò pélébé náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú àwòrán fúnra rẹ̀ wò. Babatunde Lawal, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, kà á sí ìkékúrú à-wò-rántí, ohun tí a ń wò kí a lè rántí. Ó wọ̀ mí létí, torí iṣẹ́ ìrántí ni ère ìbejì àti àkó, ère ẹni tó ti kú ní Ọ̀wọ̀, ń ṣe. Ó sì bá Hudutların Kanunu mu: lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní 1980, wọ́n gba àwọn ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n bà wọ́n jẹ́, ẹ̀dà kan ṣoṣo ni a mọ̀ pé ó yè. Ojú náà ni àwọn ará Túrkì ti bẹ̀rẹ̀ orúkọ tiwọn. Gör ni rírí, görün ni kí nǹkan hàn, görüntü sì ni ohun tó hàn. Görüntü yönetmeni ni wọ́n ń pe irú Ali Uğur, ẹni tó ń darí ohun tó hàn. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí ìran wù mí ju àwòrán lọ, torí ìran ni awòran ń wò. Àmọ́ àwọn oǹkọ̀wé eré ti gba ìran fún ìpín eré, ìran kìn-ín-ní, ìran kejì, kò sì ṣe é gbà lọ́wọ́ wọn mọ́.

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ló kù. A- ń sọ ohun tí ènìyàn ń ṣe: apẹja, aránṣọ, akọrin. Olù- sábà máa ń fi ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ kún un: olùṣọ́, olùtọ́jú, olùkọ́. Nítorí náà, olùdarí àwòrán ni mo fara mọ́. Wọ́n á ní olùdarí ti wà, Erksan ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ní Túrkì náà, yönetmen ni Erksan, görüntü tó ṣáájú rẹ̀ ló ya Ali Uğur sọ́tọ̀. Wọ́n á ní kámẹ́ràmáànù làwọn ará ibi iṣẹ́ ń sọ. Kí wọ́n máa fi pe ẹni tó di kámẹ́rà mú. Túrkì kò ju kameraman nù. Wọ́n á ní ó gùn, kò dùn lẹ́nu bí àgbéléwò. Àgbéléwò dárúkọ ohun tí à ń wò, kò dárúkọ oyè. Olórí ẹbí, bàbá ìsàlẹ̀, ìyá ẹgbẹ́: ọ̀rọ̀ méjì méjì ni wọ́n, kò sì sí ẹni tó ní wọ́n gùn jù.