Ọgbẹ́ Inú Tó Ń Ṣẹ̀jẹ̀: Ta Ni Ìdínkù Náà Kàn?

Ní 1993, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka àwọn tó ń bì ẹ̀jẹ̀ àti àwọn tí ìgbẹ́ wọn dúdú bí ọ̀dà. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 14 ló kú. Nígbà tí wọ́n tún un kà ní 2007, iye náà ti wálẹ̀ sí 10. Pẹ̀lú gbogbo oògùn àti ẹ̀rọ tó wọ ilé ìwòsàn láàárín ìgbà náà, ìdínkù yẹn kò tó nǹkan. Ìdí ni pé ọgbẹ́ inú ti ń ṣọ̀wọ́n. Àwọn tó kù tí ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú wọn, arúgbó tí ọkàn tàbí kíndìnrín wọn ti ń yọ wọ́n lẹ́nu pọ̀ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti bàjẹ́. Kí àìsàn dínkù lọ́tọ̀, kí ikú tó ń bá a rìn dínkù lọ́tọ̀.

Oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù ló kọ́kọ́ dé: cimetidine ní 1976, omeprazole ní 1988. Ọgbẹ́ ń jinná, ṣùgbọ́n ó ń padà wá. Robin Warren àti Barry Marshall, ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, ló tú àṣírí kòkòrò tó wà nídìí rẹ̀, Helicobacter pylori. Ní 1984, Marshall gbé kòkòrò náà mu, inú rẹ̀ sì dàrú. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Lẹ́yìn àwárí wọn, oògùn apakòkòrò ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lè parí ohun tí àwọn bàbá wa fi gbogbo ayé wọn tọ́jú.

Àwa ńkọ́? Ní 1992, Holcombe, tó ṣèwádìí ní Maiduguri, kọ̀wé pé kòkòrò náà pọ̀ ní Áfíríkà, àmọ́ ọgbẹ́ inú kò pọ̀ tó bó ṣe yẹ. Wọ́n sọ ọ́ di àdììtú Áfíríkà. Èmi kò gbà pé àdììtú ni. Ẹni tó bì ẹ̀jẹ̀ lóru, tí wọ́n sin kí oòrùn tó kan àtàrí, ìwé ta ni yóò wọ̀? Nígbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n ń tì gba ọ̀fun wo inú pọ̀ díẹ̀ sí i, wọ́n rí ọgbẹ́ náà.

Kòkòrò nìkan kọ́ ló ń dá ọgbẹ́ sí inú; oògùn ìrora náà ń dá a. Ní Ìmọ̀ta, lẹ́bàá Ìkòròdú ní Èkó, iṣẹ́ agbára ló pọ̀ jù: oko ẹ̀gẹ́, oko ìrẹsì, ẹrù rírù. Wo alábàárù kan láàárọ̀. Kò tíì fi nǹkan kan ẹnu. Ó ya bébà Alábùkún, ó da ìyẹ̀fun rẹ̀ sórí ahọ́n, ó fi omi inú ọ̀rá lé e, ó tún ki orí bọ abẹ́ àpò. Ọmọ Ìkòròdú ni Jacob Ṣógbóyèga Ọdúlatẹ̀ tó dá oògùn yìí sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1918, mo sì ń fi í yangàn. Aspirin àti caffeine ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n aspirin, láti ọwọ́ ẹni yòówù kó ti wá, ń ṣí ààbò ara ògiri inú kúrò, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bí wọ́n bá tún fi diclofenac kún un ní kẹ́míìsì, tí ògógóró sì tẹ̀lé e ní ìrọ̀lẹ́, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Èyí tó burú ni pé oògùn ìrora kan náà ni yóò tún rà sí i.

Ohun kejì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dà nínú ni àìsàn ẹ̀dọ̀. Hepatitis B a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ títí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun yóò fi wú, tí yóò sì bẹ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan àwọn ọmọ ọwọ́ Nàìjíríà ní 2004. Ẹni ogójì ọdún lónìí kò sí nínú wọn. Kí ó lọ ṣàyẹ̀wò.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń dà, wákàtí ló ń pinnu. Láti Ìmọ̀ta dé Ìkòròdú, láti ibẹ̀ dé ilé ìwòsàn ńlá LASUTH ní Ìkẹjà, kí a tó sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé láti kẹ́míìsì àdúgbò ni ìdínkù tiwa yóò ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí olóògùn ti lè béèrè bóyá oníbàárà ti jẹun, àti bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Oògùn tí wọ́n ń lò kí ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ lára náà a máa sọ ìgbẹ́ di dúdú. Ẹni tí kò bá lò ó, tí tirẹ̀ dúdú, tó ń lẹ̀, tó sì ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ó lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì mú páálí gbogbo oògùn tó ń lò dání.