Iṣu, Kòkó àti Ilẹ̀: Ìtàn Oko Àgbẹ̀ Arojẹ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Èrò tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ní nípa àgbẹ̀ Yorùbá ni pé àṣà lásán ló ń darí rẹ̀, pé kò mọ ìdí tí ó fi ń da irúgbìn mẹ́rin tàbí márùn-ún pọ̀ sínú oko kan, àti pé ìmẹ́lẹ́ ló ń mú un fi ilẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ibòmíràn lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ìtàn oko náà fúnra rẹ̀ kò gbe èrò yìí lẹ́yìn. Àgbẹ̀ arojẹ, ìyẹn àgbẹ̀ tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ àti ti ẹbí rẹ̀ ro oko tí kò tóbi, tí ó sì ń jẹ nínú rẹ̀ kí ó tó ta, ní ìpinnu kan tí kò lè yẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún: èwo nínú ilẹ̀ àti agbára rẹ̀ ni yóò fi wá oúnjẹ ọdún náà, èwo ni yóò sì fi lélẹ̀ de ọjọ́ iwájú. Dídé kòkó ni ó yí ìdáhùn ìbéèrè yìí padà, nítorí pé igi tí ó lè pẹ́ lórí ilẹ̀ ju ẹni tí ó gbìn ín lọ kì í ṣe irúgbìn bí iṣu; ọ̀rọ̀ ogún àti ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni ó máa ń dà níkẹyìn.

Kí kòkó tó dé, oko méjì ni àgbẹ̀ tí ó bá rọ́wọ́ mú sábà máa ń ní. Oko etílé ni èyí tí ó wà nítòsí odi ìlú, tí ènìyàn lè lọ láàárọ̀ kí ó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú; ẹ̀fọ́, ilá, ata, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ díẹ̀ ni ó pọ̀ níbẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti gbó. Oko ẹgàn ní tirẹ̀ wà nínú igbó tí ẹnikẹ́ni kò tíì ro rí, tàbí tí ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti ro ó gbẹ̀yìn, ibẹ̀ sì ni iṣu ti máa ń ta dáadáa. Nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ jìn ni abà fi wà, ìyẹn ìletò kékeré inú oko tí àgbẹ̀ ń sùn sí fún ọjọ́ púpọ̀ tàbí oṣù púpọ̀, nígbà tí ilé bàbá rẹ̀ ṣì wà nínú ìlú, tí ó sì ń padà síbẹ̀ fún ọdún, ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí bùdó ogun ní nǹkan bí 1829, ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù lọ, nítorí pé ìlú ńlá ni, síbẹ̀ àìmọye abà ló yí i ká, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń pe ara wọn ní ọmọ Ìbàdàn sì ń lo ìdajì ọdún wọn lóko.

Ogun sọ ọ̀nà jíjìn yìí di ewu, nítorí pé ojú ọ̀nà oko àti inú oko ni àwọn tí ń kó ènìyàn lẹ́rú ti sábà máa ń bá àwọn tí wọ́n ń wá. Láàárín 1877 àti 1893 tí ogun Kírìjì fi wà láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, ẹgbẹ́ tí àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn alábàáṣe wọn dá sílẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ lọ sí ẹgàn ní láti kọ́kọ́ wò ó bóyá iṣu tí yóò wà níbẹ̀ tó ohun tí ènìyàn ń fi ẹ̀mí wewu lé. Oko etílé ló kù fún ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n sì ń ro ilẹ̀ kan náà láìjẹ́ kí ó sinmi tó. Ìgbà tí wọ́n tú bùdó ogun ká ní 1893 ni ẹsẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹgàn, tí àwọn ọmọ ogun tí kò níṣẹ́ mọ́ sì gbé ìbọn kalẹ̀ tí wọ́n mú àdá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí kòkó fi tàn kálẹ̀ kíákíá lẹ́yìn náà kò gbọdọ̀ fo èyí dá, nítorí àlàáfíà ló kọ́kọ́ ṣí igbó kí irúgbìn tuntun tó dé bá a.

Bí wọ́n ṣe ń lo ilẹ̀ oúnjẹ náà yẹ ní fífara balẹ̀ wò, nítorí pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò rí wà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣán igbó, tí wọ́n ń jẹ́ kí ó gbẹ, tí wọ́n sì ń dáná sun ún. Wọ́n kì í gé ọ̀pẹ, nítorí epo rẹ̀, wọ́n sì máa ń dá díẹ̀ nínú àwọn igi ńlá sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń kọ ebè, tí wọ́n ń ri ebu, ìyẹn iṣu tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gbígbìn, sínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi koríko gbígbẹ bo orí ebè kí oòrùn má baà pa á. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, àgbàdo yóò wọ ẹ̀gbẹ́ ebè, ilá àti ata yóò wọ àárín, ẹ̀gúsí yóò sì fà sílẹ̀ káàkiri, ewé rẹ̀ yóò bo ilẹ̀ tí koríko kò fi ní tètè hù. Àgbàdo tútù ló ń gba ẹnu là ní àkókò tí iṣu àná ti tán tí iṣu tuntun kò sì tíì jáde, àkókò tí ebi máa ń wọ ilé tí kò bá gbin nǹkan mìíràn mọ́ iṣu. Bí òjò bá ṣe segesège, ọ̀kan nínú irúgbìn wọ̀nyí lè kú kí òmíràn sì yè. Ilẹ̀ kan náà ń so ní oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ọdún kan, ìṣirò kan sì wà nídìí èyí ju ìdàrúdàpọ̀ lọ.

Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì tí iṣu bá ti jẹ nínú agbára ilẹ̀, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi kádìí oko, nítorí pé kò bèèrè ilẹ̀ ọlọ́ràá, ó sì lè dúró nínú ilẹ̀ títí ẹni tí ó ni ín yóò fi nílò rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ẹ̀gẹ́ di gàrí tàn kálẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú ní Brazil padà wá sí etíkun, sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Irúgbìn tí ó ti Amẹ́ríkà wá gan-an ni àwọn tí ó ti ibẹ̀ padà wá jẹ́ kó wúlò sí i. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá tán, wọn yóò fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ kí ó sinmi fún ọdún méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, igbó yóò sì padà bò ó.

Ọwọ́ tí yóò ṣe iṣẹ́ ni ó ń pinnu bí oko yóò ti tóbi tó, nítorí pé ilẹ̀ kò wọ́n nígbà náà bí ènìyàn ti wọ́n. Àáró ni àdéhùn láàárín àwọn ẹgbẹ́ pé wọn yóò jọ ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan lónìí, lóko ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Ẹni tí wọ́n bá bá ṣe tirẹ̀ tán tí kò jáde fún àwọn yòókù kò ní rí ẹni bá a ṣe é mọ́. Ọ̀wẹ̀ kò ní ìṣirò dọ́gbadọ́gba bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ fún ló ń bẹ ará, ọ̀rẹ́ àti àna fún ọjọ́ kan, tí ó sì ń fi oúnjẹ àti ẹmu tẹ́ wọn lọ́rùn. Ọkùnrin tí ó ń fẹ́ ọmọ onílé pàápàá kò lè sọ pé òun kò ráyè. Ìwọ̀fà ni ẹ̀kẹta, ó sì le ju àwọn méjì yìí lọ: ẹni tí ó yá owó, tàbí ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀, ni yóò máa ṣiṣẹ́ lóko olówó títí wọn yóò fi san gbogbo owó náà, iṣẹ́ ọ̀hún kò sì dín gbèsè kù, èlé ni. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, tẹnu mọ́ ọn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ tí bàbá rẹ̀ fi sọfà nítorí owó ìsìnkú lè máà rí ìyàtọ̀ náà kedere bí Johnson ti rí i. Ní ti àwọn obìnrin, kíkọ ebè kì í sábà jẹ́ iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni ìkórè, ẹrù rírù, epo, elùbọ́ àti gàrí wà, àwọn náà ni wọ́n sì ń gbé e lọ sí ọjà ọrọọrún, ìyẹn ọjà tí ó ń bọ́ sí ọjọ́ karùn-ún karùn-ún. Ní ọ̀pọ̀ ilé, owó ọkọ àti owó aya kì í wọ àpò kan náà.

Agége, lẹ́yìn odi Èkó, ni kòkó ti wọ inú ètò yìí. J. P. L. Davies, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sàró, tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi àti oníṣòwò kí òwò rẹ̀ tó dẹnu kọlẹ̀, gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjọ̀n ní nǹkan bí 1880, láti inú irúgbìn tí ó ti erékùṣù Fernando Po wá. J. K. Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Ìjọ African Church sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀ ní 1907. Kì í ṣe àwọn olóko ńlá wọ̀nyí ni ó sọ ilẹ̀ Yorùbá di ilẹ̀ kòkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tiwọn ni ó wà nínú ìwé. Àwọn alágbàṣe tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ fún wọn láti ìlú òkè ni wọ́n kó èso rẹ̀ padà sílé, tí wọ́n sì gbìn ín sí àárín iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn. Ojú irin dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, ẹrù kòkó sì rí ọ̀nà jáde. Ní 1900, kòkó tí ó jáde láti ibi tí ó di Nàìjíríà kò tó 300 tọ́ọ̀nù. Nígbà tí ó fi di 1930, ó ti ju 50,000 tọ́ọ̀nù lọ, oko kéékèèké ló sì ti wá.

Ohun tí ó mú kí kòkó rọrùn fún àgbẹ̀ arojẹ ni pé kò ní kí ó kọ́kọ́ fi oúnjẹ sílẹ̀. Kòkó kékeré nílò ìbòòji, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti kókò sì ni ó ń ṣíji bò ó, nítorí náà ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣán fún iṣu gan-an ni wọ́n ń gbìn ín sí, ìdílé ń jẹun nínú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, igi sì ń dàgbà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ewé kòkó bá pàdé lókè ni ìpinnu tòótọ́ dé, nítorí pé oúnjẹ kò lè hù níbẹ̀ mọ́, ilẹ̀ náà kò sì ní padà sí igbó láti sinmi. Ẹni tí ó bá fi kòkó bo gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ ní láti ra iṣu lọ́jà, èyí tí ó jẹ́ ohun ìtìjú fún àgbẹ̀ àtijọ́; ẹni tí kò bá sì gbin kòkó rárá kò ní rí owó orí san, owó tí ó ti di ọ̀ranyàn ní ẹkùn Ọ̀yọ́ ní 1918.

Ilẹ̀ Ìbàdàn kò tó mọ́ láìpẹ́, àwọn àgbẹ̀ sì ń ṣí lọ sí igbó Ifẹ̀ àti Oǹdó, níbi tí wọ́n ti di àlejò. Ìṣákọ́lẹ̀, ohun tí àlejò ń san fún onílẹ̀ lọ́dọọdún, kì í ju iṣu, epo tàbí obì lọ nígbà àtijọ́, àmì ni pé ẹni tí ó ń ro ilẹ̀ mọ ẹni tí ó ni ín. Òfin tí ó bá a rìn ni pé àlejò kò gbọdọ̀ kọ ọ̀pẹ láìgbàṣẹ, kò sì gbọdọ̀ gbin igi tí ó ń pẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i, nítorí pé igi jẹ́ ẹ̀rí lórí ilẹ̀. Kòkó fọ́ òfin yìí mọ́ onílẹ̀ àti àlejò lọ́wọ́: onílẹ̀ fẹ́ owó, àlejò fẹ́ igi, wọ́n sì jọ gbà pé ìṣákọ́lẹ̀ yóò di kòkó tàbí owó, láìsọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì bá kú.

Nínú ilé pàápàá, igi yìí dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Oko kòkó ṣe é fi dógò, ìyẹn ni pé olówó lè máa kó èso rẹ̀ títí wọn yóò fi san gbèsè, ọ̀pọ̀ oko sì bọ́ sọ́wọ́ olówó nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Bí olóko bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń jogún, yálà ní ìdí-igi, tí wọ́n ń pín in gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó tí ó bímọ, tàbí ní orí-ò-jorí, tí wọ́n ń pín in gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ. Ìyàwó tí ó ti fọ́ kòkó, tí ó ti fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, tí ó sì ti sá a fún ogún ọdún kò ní ìpín tirẹ̀ lábẹ́ àṣà yìí àyàfi nípasẹ̀ ọmọ rẹ̀. Àìdọ́gba tí ó burú jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn.

Ní 1944 ni wọ́n rí àrùn tí ń mú ẹ̀ka kòkó wú nítòsí Ìbàdàn, àrùn tí kòkòrò kéékèèké ń gbé láti igi dé igi, ìjọba sì pàṣẹ pé kí wọ́n gé igi tí ó bá mú. Àwọn àgbẹ̀ kọ̀, wọ́n sì kọ̀ débi pé ìjọba dá gígé tipátipá dúró ní 1950 níbi tí àrùn náà ti gbilẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò ṣìnà nípa àrùn náà; ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé wọn kò rò ó pé igi tí ó ń kú lọ ṣì ń so fún ọdún mélòó kan, òun sì ni owó ilé ìwé, ohun ìdógò àti ẹ̀rí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láàárín àkókò kan náà, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ láti máa ra kòkó ń san iye tí ó kéré sí ti ọjà àgbáyé, ó sì ń tọ́jú ìyókù. Lára owó yìí ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi ṣètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, àwọn ọmọ sì fi oko sílẹ̀. Àgbẹ̀ ló san owó tí ó gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀, tí ó fi di pé alágbàṣe láti ilẹ̀ Ìgbìrà àti Àgàtú ló kù tí yóò máa bẹ̀.

Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ọ̀pọ̀ àlejò sì gbà á pé ìṣákọ́lẹ̀ ti parí, nígbà tí àwọn onílẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, ìlú tí àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun lé wá tẹ̀dó sí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, jà ní 1981, wọ́n sì tún jà láàárín 1997 àti 2000. Ìdí ìjà náà pọ̀, ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ti ìjọba ìbílẹ̀ sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ ìtàn rẹ̀ láìmẹ́nu kan ìṣákọ́lẹ̀ orí oko kòkó ti fi ìdí ọ̀rọ̀ sílẹ̀.