Bí Orin Ọpẹ́ Ṣe Di Tiwa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Orin ni àwa Yorùbá sì fi ń dúpẹ́ jù: níbi ìkómọjáde, níbi ìṣílé, lọ́jọ́ tí aláìsàn bá dìde. Ẹni tó bá fajú ro wọ ibẹ̀, bó bá ti gbe orin lẹ́ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta, ojú rẹ̀ á túká. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìgbà kan wà tí orin ọpẹ́ ń jáde lẹ́nu ìjọ tí kò yé etí.

Ní 1846 ni àwọn míṣọ́nnárì CMS fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta. Wọ́n túmọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, wọn ò sì yí ohùn orin náà padà. Níbẹ̀ ni wàhálà wà. Ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ni èdè wa fi ń mọ ìtumọ̀. Ọkọ ló ni ìyàwó, ọkọ́ ni àgbẹ̀ fi ń roko, ọkọ̀ là ń wọ̀ rìnrìn àjò, ọ̀kọ̀ sì ni jagunjagun ń jù. Bí ohùn orin òyìnbó bá gbé ọ̀rọ̀ sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, ọ̀rọ̀ dàrú nìyẹn. Bí ẹsẹ kìíní bá sì bá ohùn náà mu, èkejì ńkọ́?

Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá tí wọ́n bí ní 1855, wà lára àwọn tó tún un ṣe. Orin tirẹ̀ ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ ẹnu. Ìyá tí kò mọ̀wé á gbọ́ ọ, á sì gbè é. Nígbà tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, Zonophone gba orin rẹ̀ tó lé ní 40 sínú àwo. L'Ékòó ńkọ́? Thomas Ekundayo Phillips, tó tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church láti 1914 di 1962, kọ ìwé *Yoruba Music* ní 1953 láti ṣàlàyé bí orin wa ṣe rí.

Ẹ má rò pé ayé dẹ̀ wọ́n lọ́rùn ni wọ́n fi ń kọrin ọpẹ́ o. Ní 1918, ogun Àdùbí jà nílẹ̀ Ẹ̀gbá; ọdún náà kò tíì parí tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn fi dé. Ẹni tó ṣẹ́kù lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ariwo lásán kò lè tù ú nínú. Orin tó bá a sọ̀rọ̀ ló nílò.

Mi ò ní orin òyìnbó kò dára, rárá o. Ohun tí mò ń wí ni pé kí orin tó lè tún ọkàn ṣe, ọkàn gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu ń wí. Lónìí tí gbohùngbohùn ń dún kíkankíkan káàkiri ìgboro, ẹ jàre, ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ inú orin tí ẹ ń kọ láàárọ̀. Bó bá rán yín létí oore kan tí ẹ rí gan-an, ẹ kọ ọ́ dáadáa. Ọpẹ́ tó yé ẹni tó ń dú u, òun ló ń gbé ni ró.